Owó orí ọjà àti àbọ̀ òǹrajà: èwo gan-an ni ká torí rẹ̀ fẹ̀hónú hàn?

Alátẹ-Ọdún-Mẹ́jọ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin olùtajà ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń tajà láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tí a ní àtẹ níbẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ yí padà. Èkíní ni pé ìdá tí wọ́n ń yọ lára owó ọjà tí a bá tà yóò kúrò ní 6 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò di 9, wọn yóò sì máa yọ ọ́ lára owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ owó ìfiránṣẹ́ kì í ṣe èrè fún wa rárá, ọwọ́ ẹni tó ń gbé ẹrù ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Èkejì ni pé olùtajà kò ní lè kọ ohunkóhun nípa òǹrajà mọ́, ìbáà sanwó, ìbáà má sanwó, ìbáà dá ọjà padà ní pípé tàbí ní fífọ́. Òǹrajà nìkan ni yóò máa jẹ́ àbọ̀ nípa wa, ìyẹn ni pé òun ni yóò máa kọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí sí i, tí yóò sì máa fi iye ìràwọ̀ díwọ̀n wa. Àbọ̀ náà yóò wà lójú àtẹ wa fún oṣù méjìlá, òun náà ni wọn yóò sì máa wò láti pinnu ọjà ẹni tí yóò kọ́kọ́ jáde nígbà tí ènìyàn bá ń wá nǹkan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ ti ń sọ pé kí gbogbo wa palẹ̀ ọjà wa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. N kò lòdì sí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rọ̀ 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ènìyàn ń sọ, díẹ̀ ni ó ń dárúkọ ọ̀rọ̀ àbọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àbọ̀ ni ó ti jẹ mí níyà jù. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, òǹrajà kan kọ̀wé sí mi pé bí n kò bá dá ìdajì owó padà fún òun, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni òun yóò fún mi. Ọjà náà pé, òun fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé àbùkù kankan wà lára rẹ̀. Mo kọ̀. Ó ṣe ohun tó ní òun yóò ṣe, ọjà tí mo ń tà sì lọ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe nígbà náà ni pé mo kọ tèmi náà sí abẹ́ orúkọ rẹ̀, kí olùtajà mìíràn lè ṣọ́ra. Ìyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí irú èyí ṣe rí níbòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi: ǹjẹ́ irú ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ẹ̀ ti yọrí sí rere rí?

Olùṣirò-Ọjà

Ẹ̀gbọ́n, ó dára bí ẹ ṣe pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì, nítorí pé ohun tó dé bá yín yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí tiyín. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, eBay, ọjà tí Pierre Omidyar dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1995, kéde àyípadà owó àti àyípadà àbọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. John Donahoe, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn láti gba ipò olórí ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Meg Whitman, ni ó kéde rẹ̀. Wọ́n dín owó ìpàtẹ kù, ìyẹn owó tí olùtajà ń san kí ọjà rẹ̀ tó jáde rárá. Àwòrán kékeré tó ń bá ọjà jáde nígbà ìṣàwárí, èyí tí wọ́n ń gba sẹ́ǹtì 35 lé lórí tẹ́lẹ̀, di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ìdá tí wọ́n ń yọ lára ọjà tí a bá tà ní gbàǹjo kúrò ní 5.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 8.75, lórí dọ́là 25 àkọ́kọ́ nínú owó ọjà náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí ọjà kan ṣoṣo. Bí olùtajà bá ta nǹkan ní dọ́là 20, dọ́là 1.05 ni eBay ń yọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àyípadà náà, ó di dọ́là 1.75. Sẹ́ǹtì 70 ni ó lé. Bí olùtajà náà bá jẹ́ ẹni tó ń sanwó àwòrán, sẹ́ǹtì 35 padà sọ́wọ́ rẹ̀, ìdínkù owó ìpàtẹ náà sì fi díẹ̀ kún un, síbẹ̀ ó ṣì jẹ gbèsè nínú rẹ̀. Bí kò bá sanwó àwòrán rí, gbogbo ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé e lórí. Ẹ wá wo ẹni tó pàtẹ ọgọ́rùn-ún nǹkan tí mẹ́wàá péré sì tà nínú wọn: lórí gbogbo ọgọ́rùn-ún ni ó ti rí ìdẹ̀ra owó ìpàtẹ, orí mẹ́wàá péré ni ó sì ti san ìdá tuntun. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ náà fi lè sọ pé òun dín owó kù láìparọ́, tí ọ̀pọ̀ olùtajà náà sì lè sọ pé owó lọ sókè láìparọ́. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà dáadáa ni àjàgà náà bọ̀ lọ́rùn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe irú ìṣirò yìí lórí àtẹ tiyín kí ẹ tó sọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, nítorí pé iye náà kò lè dọ́gba fún ẹni méjì.

Ní ti àbọ̀, láti ọdún 1996 tí Omidyar ti dá a sílẹ̀ lórí eBay ni òǹrajà àti olùtajà ti ń jẹ́ àbọ̀ nípa ara wọn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2008, olùtajà kò lè kọ ju àbọ̀ rere lọ nípa òǹrajà. Àwọn olùtajà fi ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 25 oṣù kejì kọ̀ láti pàtẹ. Owó tuntun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kejì, láàárín ọ̀sẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn náà gan-an, ìlànà àbọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún bí wọ́n ṣe wí. Títí di òní, olùtajà kò lè fún òǹrajà ní àbọ̀ búburú lórí eBay.

Mo-Ń-Rà-Mo-Ń-Tà

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, kí ẹ sì fi sùúrù kà á, nítorí pé mo ti jẹ́ òǹrajà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó di olùtajà.

Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì lè jẹ́ àbọ̀ búburú nípa ara wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ olùtajà ń ṣe ni pé wọn kì í kọ ohunkóhun nípa òǹrajà títí òǹrajà yóò fi kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Bí ó bá kọ rere, wọn yóò san án ní rere. Bí ó bá kọ búburú, wọn yóò gbẹ̀san lójú ẹsẹ̀. Òǹrajà tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wo ara rẹ̀, yóò sì panu mọ́. Èmi fúnra mi ti panu mọ́ nígbà tí wọ́n fi ohun tí kì í ṣe ohun tí mo rà ránṣẹ́ sí mi, nítorí pé n kò fẹ́ kí orúkọ mi bàjẹ́. Àwọn olùwádìí méjì, Paul Resnick àti Richard Zeckhauser, yẹ àkọsílẹ̀ eBay ti ọdún 1999 wò, wọ́n sì rí i pé nínú gbogbo àbọ̀ tí àwọn òǹrajà jẹ́, ó lé ní 99 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ rere. Mo bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ti ń tajà pẹ́: ṣé iṣẹ́ wa mọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ inú dídùn wà nínú iye náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà wà níbẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni ó yẹ ká gbé yẹ̀ wò. Tobias Klein, Christian Lambertz àti Konrad Stahl, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi ojú ìwádìí wo àyípadà náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìtẹ́lọ́rùn àwọn òǹrajà lọ sókè, kò sì sí pé àwọn olùtajà ń fi ọjà náà sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé àwọn olùtajà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ìṣe wọn ṣe. Bí a bá wá kó ara wa jọ tí a ní kí wọ́n dá agbára ìgbẹ̀san padà fún wa, àwọn òǹrajà ni a ó kọ́kọ́ pàdánù, n kò sì ní lè fi ọkàn mi tọ́wọ́ bọ ìwé bẹ́ẹ̀.

Màmá-Onísòwò

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Mo mọ àwọn olùtajà tó ń fi àbọ̀ dẹ́rù ba oníbàárà, ojú sì máa ń tì mí nítorí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ gba agbára ìgbẹ̀san lọ́wọ́ olùtajà, ó dára. Kí ni ẹ fi sí ọwọ́ rẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ọjà kan tí n kò ní dárúkọ. Òǹrajà kan ní ohun tí mo fi ránṣẹ́ ti bàjẹ́, ó sì dá a padà. Nígbà tí mo tú ẹrù náà, nǹkan ògbólógbòó tí kì í ṣe tèmi ni ó wà nínú rẹ̀. Mo ní ẹ̀rí tó lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: ìwọ̀n tí àwọn agbẹ́rù kọ sára ìwé nígbà tí ẹrù ń lọ kò bá ìwọ̀n tí wọ́n kọ nígbà tó ń bọ̀ mu, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì lé ní ìdajì kílógíráàmù. Mo ya àwòrán ìwé méjèèjì, mo kọ lẹ́tà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ọjà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ni èsì dé, pé àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ mi wò dáadáa, àwọn sì ti dá owó padà fún òǹrajà. Ènìyàn wo ni ó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ka lẹ́tà mi, kí ó wo àwòrán méjì, kí ó sì dájọ́? Ẹ̀rọ ni ó dá mi lóhùn. Àbọ̀ búburú tí òǹrajà náà kọ nípa mi wà lójú àtẹ mi títí ọdún fi yí po.

Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá lè fi dá mi lójú pé ènìyàn gidi ni yóò ka ẹjọ́ mi kí àbọ̀ tó ba orúkọ mi jẹ́, n kò nílò kí n kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa òǹrajà títí láé.

Alátẹ-Tuntun

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Oṣù kẹrin mi nìyí lẹ́nu iṣẹ́, àbọ̀ 17 péré ni mo sì ní. Mo ṣírò rẹ̀: bí ẹnì kan bá kọ búburú nínú mẹ́tàdínlógún náà, orúkọ mi wálẹ̀ sí 94 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ẹni tó ní àbọ̀ 3,000 kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ìlànà kan náà ni, ṣùgbọ́n orí àwa tuntun ni ó ti wúwo jù. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń bẹ̀rù àtipalẹ̀ ọjà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá padà dé, ta ni yóò rí mi nínú ìṣàwárí?

Oníṣẹ́-Ọwọ́

Ìbéèrè Alátẹ-Tuntun ni ó mú kí n wọlé. Ní ọdún 2022, àwọn olùtajà lórí Etsy, ọjà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, yanṣẹ́ lódì fún ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 oṣù kẹrin. Ìdá tí Etsy ń yọ lára ọjà ti kúrò ní 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 5 ní ọdún 2018. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2022, ó di 6.5. Ẹ ó rí i pé láàárín ọdún mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn èyí, owó ìpolówó wà níbẹ̀ tí olùtajà tó bá ti ta ju dọ́là 10,000 lọ láàárín ọdún kan kò lè sọ pé òun kò fẹ́: bí òǹrajà bá gba ojú ìpolówó yẹn wọlé, tó sì ra ọjà, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò yọ. Àwọn olùtajà fi àtẹ wọn sí ipò ìsinmi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ìròyìn náà sì tàn káàkiri. Wọn kò béèrè ọ̀rọ̀ owó nìkan. Wọ́n ní kí wọ́n lé àwọn tó ń ta ọjà ilé-iṣẹ́ bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni kúrò, wọ́n sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú àmì ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń ya olùtajà sọ́tọ̀.

Owó náà kò padà sí 5. Mo ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, ohun tí mo sì rí ni pé olùtajà tó wà lórí Etsy ní ìparí ọdún 2021 lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ní ọjà tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn, bí àwọn alátẹ bá palẹ̀ mọ́, àyè wọn yóò ṣófo, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá yóò rí i, yóò sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ yóò gbé sí àyè wa lójú ẹsẹ̀, òǹrajà kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan ti dìde kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, n kò rí bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lè dun ilé-iṣẹ́ náà tó bí yóò ṣe dun Alátẹ-Tuntun. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ni pé àwọn tó ṣètò rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olùtajà sílẹ̀. Ìyẹn ni mo kà sí èrè rẹ̀, nítorí pé ṣáájú ìgbà náà, oníkálukú ló ń dá ẹkún tirẹ̀ sun.

Ìbínú-Alátẹ

Ẹ jẹ́ kí n gbà pé kíkó ọjà kúrò kò lágbára. A lè ṣe ohun tí àwọn ará Ṣáínà ṣe: ká lọ ra ọjà lọ́wọ́ àwọn olùtajà ńlá tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbẹ́kẹ̀ lé, ká fún wọn ní ìràwọ̀ kan, ká sì dá ọjà padà. Wọn yóò gbọ́ wa nígbà náà.

Amòfin-Ọjà

Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe sọ ìyẹn mọ́. Jẹ́ kí n sọ ìtàn náà délẹ̀, nítorí pé ìdajì rẹ̀ ni o sọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, Taobao Mall, ọjà ilé-iṣẹ́ Alibaba, kéde pé owó ọdọọdún tí olùtajà ń san yóò kúrò ní yuan 6,000, yóò di 30,000 tàbí 60,000, àti pé owó ìdógò tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nítorí ẹ̀tàn, tó jẹ́ yuan 10,000 tẹ́lẹ̀, lè lọ sókè dé 150,000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùtajà kéékèèké péjọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ya bo àwọn àtẹ ńlá, wọ́n ń rà, wọ́n ń kọ àbọ̀ búburú, wọ́n sì ń gba owó wọn padà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ní Ṣáínà dá sí i, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Alibaba sì sún ìgbà tí ìlànà náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì dẹ ọ̀rọ̀ owó ìdógò lójú. Òótọ́ ni pé wọ́n rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n olùtajà bíi tiwọn ni wọ́n fi irọ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ẹni tí kò ṣe ìlànà, tí kò sì pa wọ́n lára. Ìwà tí òǹrajà kan hù sí Alátẹ-Ọdún-Mẹ́jọ ni ìwọ fẹ́ kí a lọ hù sí ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí a bá ṣe é, gbogbo ẹjọ́ tí a ní lórí ọ̀rọ̀ àbọ̀ èké ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ohun tó yẹ ká mú nínú ìtàn yẹn ni pé ìgbà tí ẹni tó ní àṣẹ lórí ilé-iṣẹ́ náà bá dá sí ọ̀rọ̀ ni ìlànà ń yí padà. Ẹ wo eBay ní Ọsirélíà ní ọdún 2008 kan náà. Wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ pé PayPal, ilé-iṣẹ́ ìsanwó tí eBay ti rà ní ọdún 2002, ni gbogbo òǹrajà níbẹ̀ yóò máa gbà sanwó, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda díẹ̀ bí ìgbà tí òǹrajà bá wá gbé ọjà fúnra rẹ̀. Àwọn olùtajà àti àwọn mìíràn gbé ẹjọ́ wọn tọ àjọ tó ń mójú tó ìdíje nínú òwò ní orílẹ̀-èdè náà lọ. Ní oṣù kẹfà, àjọ náà jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé ìlànà náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ní oṣù keje sì ni eBay fà sẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti palẹ̀ ọjà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó yí padà. Ní Ọsirélíà tí wọ́n ti kọ ìwé ẹ̀sùn pẹ̀lú ẹ̀rí, ìlànà náà kú kí ó tó gbéra.

Láti ìgbà náà, òfin tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ti wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin 2019/1150, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2020. Ó pọn ọn ní dandan fún àwọn tó ni irú ọjà yìí láti fún olùtajà ní ó kéré tán ọjọ́ 15 kí àyípadà nínú àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àwọn ohun pàtàkì tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi ọjà kan ṣáájú òmíràn nínú ìṣàwárí. Bí wọ́n bá fẹ́ ti àkáǹtì olùtajà pa pátápátá, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí fún un ní ọjọ́ 30 ṣáájú, yàtọ̀ sí àwọn ìgbà tí òfin yọ sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ètò tí olùtajà lè gbà gbé ẹ̀sùn wá, àfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá kéré. Àwọn olùtajà tó fìdí kalẹ̀ ní Yúróòpù, tí wọ́n sì ń tajà fún àwọn tó wà níbẹ̀, ni òfin náà dá ààbò bò. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ní kí àwa má fi ṣe òdiwọ̀n ohun tí a ó béèrè. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá lè ṣe é fún àwọn kan nítorí òfin, kò lè sọ pé kò ṣeé ṣe.

Olùṣirò-Ọjà

Mo fẹ́ padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa béèrè, èwo ló yẹ ká jà fún nínú méjèèjì, nítorí pé ìdáhùn kan wà tó jẹ́ ti oníṣirò.

Resnick àti Zeckhauser tí wọ́n ti dárúkọ lókè, pẹ̀lú John Swanson àti Kate Lockwood, ṣe ìdánwò kan lórí eBay. Olùtajà kan tó ti ní orúkọ rere fún ọ̀pọ̀ ọdún ta àwọn káàdì ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ta irú wọn kan náà lábẹ́ àwọn orúkọ tuntun tí kò ní ìtàn lẹ́yìn. Àwọn òǹrajà san ohun tó fi ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti orúkọ tuntun lọ fún orúkọ tí wọ́n mọ̀. Ọjà kan péré ni wọ́n fi dán an wò, nítorí náà n kò sọ pé iye náà gan-an ni yóò jẹ́ fún bàtà tàbí fún ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ohun tí wọ́n fẹ́ fi kún owó wa: láti 6 sí 9, ìdá 3 ni. Orúkọ tí a ti fi ọdún gbogbo kọ́ lè níye lórí ju èlé tí wọ́n fẹ́ gbé lé wa, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé òun náà ni wọn yóò fi pinnu bóyá òǹrajà yóò rí wa rárá. Owó tó lé, a lè fi kún iye ọjà, kí a sì sọ ìdí rẹ̀ fún oníbàárà. Orúkọ tó bàjẹ́ kò ní ibi tí a lè fi kún.

Ọ̀rọ̀ owó ìfiránṣẹ́ nìkan ni ó ṣòro díẹ̀. Àwọn kan máa ń fi iye kékeré sára ọjà, wọn a sì gbé owó gọbọi lé ìfiránṣẹ́, kí ìdá tí wọn yóò san lè kéré. Ọ̀nà yẹn ni eBay fẹ́ dí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá lára owó ìfiránṣẹ́ ní ọdún 2011. Ìdí náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba iye tí agbẹ́rù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an kò jẹ̀bi ohunkóhun. A lè béèrè pé kí wọ́n má ṣe yọ ìdá lára ohun tí ìwé agbẹ́rù bá ti fi hàn, kí wọ́n yọ ọ́ lára èyí tó bá lé.

Mo-Ń-Rà-Mo-Ń-Tà

Bí ìwé náà bá rí bí Màmá àti Olùṣirò ṣe sọ, pé kí ènìyàn ka ẹ̀rí wa kí àbọ̀ tó mú wa wálẹ̀ nínú ìṣàwárí, n ó fọwọ́ sí i láìrojọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi kún un: kí wọ́n yọ àbọ̀ òǹrajà tó bá fi ìràwọ̀ halẹ̀ mọ́ olùtajà kúrò, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wà nínú àkọsílẹ̀ ìwé tí wọ́n kọ sí ara wọn lórí ọjà náà gan-an. Ẹ̀rí náà wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì sí òǹrajà olóòótọ́ tí èyí yóò pa lẹ́nu mọ́.

Ìbínú-Alátẹ

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n Amòfin. Mo yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí irú àbọ̀ yẹn, inú ló bí mi. Mo ní àkọsílẹ̀ ìhalẹ̀ mẹ́ta láàárín ọdún yìí, n ó ya àwòrán wọn fún yín.

Alátẹ-Ọdún-Mẹ́jọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo wọ inú ìjíròrò yìí pẹ̀lú èrò pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ mi láti kọ̀wé nípa òǹrajà padà fún mi, mo sì rí i báyìí pé kì í ṣe òun ni mo nílò. N kò ní palẹ̀ ọjà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, n kò sì ní sọ fún Alátẹ-Tuntun kí ó ṣe é.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà. Ohun tí a ó béèrè ni pé kí ènìyàn yẹ ẹ̀rí olùtajà wò kí àbọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí tó wọ inú ìṣirò ìṣàwárí. Kí àbọ̀ tó bá ti inú ìhalẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹni tí kò sanwó wá kúrò. Kí àbọ̀ kan ṣoṣo má ṣe lè ré olùtajà tí àbọ̀ rẹ̀ kò tíì pọ̀ bọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n má ṣe yọ ìdá lára owó ìfiránṣẹ́ tí ìwé agbẹ́rù bá ti jẹ́rìí sí. Kí wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ 30 kí ìlànà kankan tó yí padà. Lórí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, a ó kọ ọ́ pé ó dùn wá, a ó sì fi ìṣirò oníkálukú wa hàn, ṣùgbọ́n a kò ní fi ṣáájú. Amòfin ti gbà láti bá wa tún un kà, kí a tó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, kí a sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ nínú òwò.

Kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí fi ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ kọ sí ilé-iṣẹ́, àti bí èsì ṣe pẹ́ tó kí ó tó dé. Ẹ bo orúkọ òǹrajà mọ́lẹ̀. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, bí ìwé ìwọ̀n ẹrù méjèèjì yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, òun ni mo fẹ́ fi sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Màmá-Onísòwò

Ó wà lọ́wọ́ mi, méjèèjì. Èsì oníṣẹ́jú mẹ́ta náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. N ó fi ránṣẹ́ ní alẹ́ òní.